Ìwé Méjì, Ìgò Àdín Kan

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ẹnu mi mú ju ọpọlọ mi lọ. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nígbà náà ló ń gùn mí. Ọ́fíìsì ojú ọjọ́ ni mo wà, ní Ìkejà, láwọn ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí ọ̀nà tó gba Mọ́rókò kọjá lọ sí Ajah. Iṣẹ́ mi ò ju kí n máa ka tẹmọ́mítà ní wákàtí wákàtí, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé ńlá kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ bí mo ṣe ń ròyìn iṣẹ́ náà tí mo bá délé á rò pé èmi gan-an ni mò ń rán òjò níṣẹ́.

Ilé ni Ajah, lẹ́bàá ọ̀sà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ìyá tó bí mi kú kí n tó mọ ojú wọn dáadáa, ẹ̀gbọ́n wọn yìí ló wò mí dàgbà. Màámi ni mò ń pè wọ́n. Ẹja yíyan ni Màámi ń tà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń jókòó ti ààrò, tí wọ́n ń fi èèpo àgbọn dáná. Èèpo àgbọn dára fún ẹja, ó máa ń jẹ́ kó pọ́n dáadáa, àmọ́ èéfín rẹ̀ burú jáì, á ta ojú bí ata. Nígbà tó fi máa di ọdún tí mò ń sọ yìí, ojú òsì Màámi ti funfun, wọn ò fi ríran mọ́.

Èmi ni mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà náà fi iná wo ojú ọ̀tún, ó wò ó títí, ó wá pajú dé.

“Ìyá, ẹ fi èéfín sílẹ̀ o,” ó ní. “Ojú kan yìí ló kù. Bí ẹ bá padà sídìí ààrò, òun náà á lọ.”

Bí a ṣe délé, Màámi bu omi, wọ́n dà á sínú ààrò tí iná rẹ̀ kì í kú, wọ́n wá lọ ṣe àlùwàlá. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Adìẹ la fi rọ́pò ẹja. Mo gbé káfíńtà wá, ó fi pákó kan yàrá kékeré kan sẹ́yìn ilé. Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin di òròmọdìẹ lọ́nà òkè kọ orúkọ wa sílẹ̀, wọ́n ní igba òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan máa dé ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kìn-ín-ní. Ẹni tí kò bá gba tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fún un, á padà sẹ́yìn ìlà, ó di ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ kó tó tún kàn án. Màámi ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí kò jókòó lásán rí láyé rẹ̀ ni, bí adìẹ ò bá sí, ìdí ààrò ni wọ́n máa padà sí, mo sì mọ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ọyẹ́. Òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan ò ní ìyẹ́, irun fúlẹ́fúlẹ́ lásán ló wà lára rẹ̀. Bí òtútù bá mú wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á máa gun ara wọn lórí láti wá ooru, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sì kú. Ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó bá òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nítorí náà, ohun tí Màámi fẹ́ mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: láti Ọjọ́bọ̀ yẹn títí di Ọjọ́bọ̀ kejì, báwo ni àwọn òwúrọ̀ Ajah yóò ṣe tutù tó?

Ta ni kí wọ́n bi? Ṣebí ọmọ wọn wà ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́.

Ní ọ́fíìsì wa, ìwé méjì ló máa ń wọlé láràárọ̀ láti òkè òkun. Kọ̀ǹpútà méjì, ní ìlú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ló ń ṣírò wọn. Ìwé kọ̀ọ̀kan á sọ bí òwúrọ̀ Èkó ṣe máa rí fún ọjọ́ méje tó ń bọ̀. Ohun tó sì pa wá lẹ́rìn-ín ni pé wọn kì í fẹnu kò. Ọ̀kan máa ń fọkàn ẹni balẹ̀ ṣáá: ooru díẹ̀, ooru díẹ̀, kò séwu. Onísùúrù la sọ ọ́. Èkejì kò lè sọ̀rọ̀ kó má fi òtútù kún un, a wá ń pè é ní Adẹ́rùbani. Bí Onísùúrù bá ní kí a wọ bùbá lásán, Adẹ́rùbani á ní kí a wá kóòtù.

Èmi ni mo dá a sílẹ̀ pé ká máa fún wọn ní máàkì. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé kan, mo fa ìlà sí i, mo ń kọ ohun tí ìwé méjèèjì sọ sí apá kan, mo sì ń kọ ohun tí tẹmọ́mítà wa rí ní tòótọ́ sí apá kejì. Gbogbo oṣù Dìsẹ́ńbà ni mo fi ṣe é, n ò fo ọjọ́ kan. Onísùúrù na Adẹ́rùbani bí ẹni na ọmọ. Ó dé ibi tó jẹ́ pé bí ìwé Adẹ́rùbani bá wọlé, a ti ń rẹ́rìn-ín ká tó kà á.

Màámi náà ní tiwọn. Ìgò àdín àgbọn kan wà lójú fèrèsé wọn, níhà ọ̀sà, láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ẹ mọ̀ pé àdín àgbọn máa ń dì bí ilẹ̀ bá tutù. Láràárọ̀ ọjọ́ òtútù, tí Màámi bá kírun tán, wọ́n á wo ibi tí funfun rẹ̀ dé láti ìdí ìgò, wọ́n á sì fi èédú fa ìlà síbẹ̀. Wọ́n ní ọyẹ́ kì í dé lójijì, ó máa ń rán ọmọ rẹ̀ ṣáájú. Bí ìlà òní bá ga ju ti àná, tí ti ọ̀la tún ga ju ti òní, lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ọyẹ́ ti wà lọ́nà nìyẹn. Bó bá sókè lẹ́ẹ̀kan tó tún wálẹ̀, eré ọmọdé ni.

Mo ti bá ìgò yẹn jà títí. Mo máa ń sọ fún Màámi pé ohun tí a fi ń wọn òtútù ò gbọdọ̀ fara kan ògiri, pé inú àpótí funfun la máa ń gbé e sí, lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, láàárín pápá, kí atẹ́gùn lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi.” Wọ́n á wá fa ìlà wọn.

Ní Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà, mo gbé ìwé máàkì mi lọ sí Ajah. Ẹ wo bí mo ṣe jókòó! Mo ṣí i sí iwájú Màámi, ẹni tí kò mọ̀wé kà, mo ń fi ìka tọ́ka sí i. Mo ní Adẹ́rùbani sọ pé ọyẹ́ gidi ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dá a lóhùn, ó ti parọ́ ní gbogbo Dìsẹ́ńbà. Mo ní Onísùúrù sọ pé kò séwu títí ọ̀sẹ̀ náà á fi parí.

“Mo fẹ́ ra èédú lọ́wọ́ ọkọ̀ Ọjọ́rú,” Màámi wí. “Kí n ní i nílé.”

Ọkọ̀ ojú omi kan ló máa ń gbé èédú wá láti òdìkejì ọ̀sà, ọjọ́ Ọjọ́rú nìkan ló ń wá. Èédú kì í rú èéfín bí èèpo àgbọn, òun ni Màámi lè fi dáná láìfi ojú ṣòfò.

“Màámi, ẹ fi sílẹ̀,” mo ní. “Sítóòfù kẹrosíìnì kan tó fún yàrá yẹn. Ẹ ò ní fi èédú ṣe nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n wò mí pẹ̀lú ojú kan tó kù yẹn. “Ìwọ lo kàwé,” wọ́n ní. Ọkọ̀ èédú dé ní Ọjọ́rú, wọ́n sì jẹ́ kó lọ.

Àwọn òròmọdìẹ dé ní Ọjọ́bọ̀. Mo gba ààyè níbi iṣẹ́ kí n lè wà nílé. Inú páálí oníhò ni wọ́n kó wọn sí, ariwo wọn gba àdúgbò. Màámi kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ti ẹnu wọn bọ omi kí wọ́n lè mọ ibi tí omi wà. Igba ẹnu! Wọn ò fo ìkankan. N ò tíì rí Màámi kí wọ́n láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bá àwọn òròmọdìẹ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí wọ́n má ṣe ya aláìgbọràn, torí ilé ìmọ̀wé ni wọ́n bọ́ sí.

Atẹ́gùn òkun fẹ́ wá lọ́jọ́ náà, ojú ọjọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èmi ń yan káàkiri. Àmọ́ ní àárọ̀ Sátidé, tí mo lọ gbé kàn-ìn-kàn-ìn mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo rí ìgò àdín. Ìlà mẹ́ta tuntun ló wà lára rẹ̀, ti Ọjọ́bọ̀, ti Jímọ̀ àti ti àárọ̀ yẹn. Ọ̀kan ga ju ọ̀kan lọ. Màámi dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń wò ó.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́, mo rẹ́rìn-ín ni o. Mo ní, “Màámi, ògiri yìí ló tutù.” Mo jẹun ọ̀sán, mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ìkejà, torí èmi ni iṣẹ́ kàn ní Àìkú.

Ní Àìkú, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo rìn lọ sídìí àpótí funfun. Èékánná mi ń dùn mí, mo rò pé ibà ni. Mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, mo ka tẹmọ́mítà, mo nu ojú rẹ̀, mo tún un kà. Atẹ́gùn ti yí padà, àríwá ló ti ń fẹ́, ó gbẹ, eruku wà nínú rẹ̀. Adẹ́rùbani tí a ń fi rẹ́rìn-ín ló jàre. Mo rí òkìtì òròmọdìẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lójú ara mi, mo rí Màámi tí wọ́n ń gbá ààrò kí wọ́n lè dáná sí i.

Ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi kò dé, ikọ́ ti dá a dùbúlẹ̀. Wọn kì í fi tẹmọ́mítà sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò kà á. Títí di Túsìdeè ni mo fi ń kọ òtútù sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí, ó ń dà bíi pé ẹ̀sùn ara mi ni mò ń kọ.

Mo dé Ajah lọ́sàn-án Túsìdeè. Níbi tí wọ́n kọ́ àwọn ilé ńláńlá VGC sí lónìí, igbó àti ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀ nígbà náà, ojú sì ń rí ọ̀ọ́kán dáadáa. Láti inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rí èéfín. Mo mọ èéfín yẹn. Mo mọ ilé tó ti ń jáde. Mo sọ nínú ara mi pé ó ti parí, àwọn òròmọdìẹ ti kú, Màámi ti padà sídìí ẹja.

Obìnrin aládùúgbò wa kan pàdé mi lójú ọ̀nà. “Tètè lọ wo màmá ẹ,” ó ní. “Láti àárọ̀ Àìkú ni wọ́n ti ń yan iyanrìn.”

“Yan kí ni?”

“Iyanrìn. A bi wọ́n pé ta ló fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n ní àlejò pọ̀ nínú ilé.”

Òótọ́ ni. Màámi dúró ti ààrò, agbada ńlá wà lórí iná, iyanrìn etíkun kún inú rẹ̀, wọ́n ń fi igi rò ó bí àwọn tó ń yan ẹ̀pà ṣe máa ń ṣe. Èèpo àgbọn ni wọ́n fi dáná, òkìtì rẹ̀ ga tó mi léjìká. Bí iyanrìn bá ti gbóná, wọ́n á bù ú sínú ìkòkò amọ̀, wọ́n á fi àkísà ìró wé e, wọ́n á gbé e wọ yàrá adìẹ. Ìkòkò mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Àwọn òròmọdìẹ rọ̀gbà yí ìkòkò kọ̀ọ̀kan ká bí ẹni pé ìyá wọn ni, wọ́n ń sùn. Èéfín kankan ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Méje péré ló kú nínú igba.

Gbogbo èéfín náà, ojú Màámi ló ń lọ. Ojú ọ̀tún yẹn ti pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ, ó ti wú, omi ń jáde lára rẹ̀. Mo já igi gbà lọ́wọ́ wọn. Inú ń bí mi, n ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

“Ibo lẹ ti rí èèpo tó pọ̀ tó báyìí?”

“Ní Sátidé ni. Bí bọ́ọ̀sì ẹ ṣe ṣí ni mo lọ ṣà á. Ìwé ẹ wí tiẹ̀, ìgò wí tiẹ̀. Mo gba àwọn òròmọdìẹ nítorí ìwé, mo ṣa èèpo nítorí ìgò.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Mo sọ fún ẹ,” Màámi ní. “Mo fa ìlà mẹ́ta. O rí i, o rẹ́rìn-ín.”

Ọ̀rọ̀ náà kò le lẹ́nu wọn. Ohùn tí wọ́n fi ń pè mí wá jẹun náà ni. Èmi ni mo yan iyanrìn láti ìgbà náà títí di àárọ̀ Jímọ̀ tí ọyẹ́ dẹ̀. N ò lọ síṣẹ́, kí wọ́n lé mi tó bá wù wọ́n. Ọkọ̀ èédú dé ní Ọjọ́rú, àwọn tó wà lókè ọ̀sà ti rà á tán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣebí gbogbo ayé lọyẹ́ mú.

Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì, Ọ̀gá wa kò lé mi. Wọ́n gbé ìwé máàkì mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n wá na máàpù sórí tábìlì. Wọ́n ní àwọn kọ̀ǹpútà yẹn kò mọ Èkó, àmì tó-tó-tó tó jìnnà síra ni wọ́n fi ń wo ayé, àmì tó bá sún mọ́ wa jù ni wọ́n á pè ní Èkó. Wọ́n fi bírò tọ́ka sí ti Onísùúrù: inú òkun gan-an ni. Wọ́n tọ́ka sí ti Adẹ́rùbani: ó ti kọjá Abẹ́òkúta, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Kò sí èyí tó bọ́ sí Ajah.

“Ní Dìsẹ́ńbà, atẹ́gùn ibo ló ń fẹ́?” Ọ̀gá bi mí.

“Ti òkun, sà.”

“Ìyẹn ni ìwé inú òkun fi ń gba máàkì. Tí atẹ́gùn bá yí sí àríwá ńkọ́? O kọ ohun gbogbo síbí yìí, o ò kọ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀.”

Mo wo ìwé mi láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Òótọ́ ni, n ò kọ ọ́. Iṣẹ́ mi lójoojúmọ́ ni kí n kọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, inú ìwé ìjọba ni mo ń kọ ọ́ sí, kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ó kan eré tí mo ń ṣe. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìgò Màámi kò mọ òkun, kò mọ Abẹ́òkúta. Ojú fèrèsé Ajah ló wà.

Ojú ọ̀tún Màámi wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, wíwú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà. Wọ́n ń rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń rí ènìyàn tó bá dúró níwájú wọn, wọ́n sì ń kó ẹyin láìfọ́ ọ̀kan, torí àwọn adìẹ náà dàgbà, wọ́n yé ẹyin títí ó fi sú àdúgbò. Bí wọ́n bá ń mú ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ èyí tó tóbi. Dókítà ní bí kì í bá ṣe ọjọ́ mẹ́ta èéfín yẹn, ojú náà ì bá pẹ́ dáadáa. Màámi ò fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn mí lẹ́ẹ̀kan rí. Ó máa ń wù mí kí wọ́n fi kàn mí. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ohun tí wọn ò lè ṣe mọ́ ni láti rí ìlà èédú lára ìgò. Nítorí náà, nígbà tí ọyẹ́ ọdún kejì sún mọ́lé, tí igba òròmọdìẹ mìíràn ń bọ̀, mò ń sùn ní Ajah ní gbogbo ọjọ́ tí mi ò bá níṣẹ́. Tí Màámi bá ti kírun àárọ̀ tán, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì, èmi á dúró lójú fèrèsé.

“Níbo ló dé?”

“Ó ga ju ti àná lọ, Màámi. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé.” Mo fa ìlà náà.

“Ìwé àwọn kọ̀ǹpútà ńkọ́? Kí ni wọ́n wí?”

“Ọ̀kan ní òtútù ń bọ̀, ọ̀kan ní kò bọ̀.”

“Ìwọ ńkọ́? Kí lo wí?”

Mo mú ọwọ́ wọn, mo mú wọn lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbé ọwọ́ náà lé orí àpò èédú tí mo tò síbẹ̀ láti Ọjọ́rú. Wọ́n fi ọwọ́ tẹ ti òkè, wọ́n tẹ ti ìsàlẹ̀, wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ kárí bí wọ́n ṣe máa ń tẹ ẹyin. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀n-ẹ́n,” Màámi wí. “Ọmọ mi ti wá kàwé.”